Nígbà Tí Pétérù Fà Sẹ́yìn Nídìí Oúnjẹ

Ibi kíkà: Gálátíà 2:11-14, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10 àti 11:19-26, Róòmù 12:1-2.



Pétérù kì í ṣe ọmọdé nínú ìgbàgbọ́. Ní Jópà, Olúwa fi ìran kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ ka ẹnikẹ́ni sí aláìmọ́, ó sì wọ ilé Kọ̀nílíù tí í ṣe Kèfèrí. Nígbà tí ó dé Áńtíókù, ó ń bá àwọn Kèfèrí tí wọ́n gbàgbọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé, ẹ̀rù bà á, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ kíyè sí i: ohun tí Pétérù gbàgbọ́ kò yí padà; ojú ènìyàn ni ó ń wò. Àwọn Júù yòókù tẹ̀lé e, títí kan Bánábà, ẹni tí a ti rán sí Áńtíókù tẹ́lẹ̀ láti gba ìjọ náà níyànjú. Pọ́ọ̀lù rí i pé àgàbàgebè ni, ó sì bá Pétérù wí lójú gbogbo wọn.

Ta ni ó jìyà ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn tí ó fi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ ni. Ó wá dà bí ẹni pé oore-ọ̀fẹ́ Kristi kò tó wọn.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ wa mú aṣọ kan fún ìkórè. Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Mo mọ̀ pé opó kan wà láàrin wa tí kò lè rà á. N kò sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà pè mí ní ahun. Mo yá owó, mo rà á. Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo wa wọ aṣọ kan náà, ó dùn ún wò. Opó yẹn kò wá. Kò sì wá sí ìpàdé wa mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè aṣọ náà. Gbèsè arábìnrin yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.

Aṣọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà sì ti kọ́ wa pé kí á ṣe bí a ti mọ. Ṣùgbọ́n ewu yìí ju ti àpò lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí ojú ènìyàn, ìdákẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ni í lára mọ́. Bí ó bá pẹ́, kò ní gbọ́ ohùn Ẹ̀mí Mímọ́ mọ́ rárá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni ó ba Pétérù lẹ́rù?
2. Kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù fi sọ̀rọ̀ ní gbangba?
3. Ta ni kò wá sí ìpàdé wa mọ́? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí?

Àdúrà: Olúwa, dárí ìdákẹ́ wa jì wá. Fún wa ní ìgboyà láti jókòó ti ẹni tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀. Àmín.