Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń tì wá láti sọ ni ẹ̀kọ́ wa. Ìyá kan nínú wa tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́ tún rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní òun tún ń di ọ̀dọ́. A bá a rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí a rẹ́rìn-ín rárá. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ó tó rí dókítà.

Kòkòrò HPV ló ń fa àrùn yìí. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e ranni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe aláìsàn ní oníṣekúṣe: ẹni tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ lọ lè ní in. Ó lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ, láìdunni. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an ni kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan pa ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tó bá funfun ni wọ́n ń fura sí, wọ́n sì lè fi òtútù tàbí ooru pa á kí ó tó di ńlá.

Láti October 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ, irọ́ ni. Ìyá wa yẹn, tó ṣì ń gba ìtọ́jú, ló kọ́kọ́ mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gbà á.