Ẹ̀kọ́: Àyè Tí À Ń Fún Áàpù Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ará, bí a bá gbé áàpù tuntun sórí fóònù, yóò tọrọ àyè: kí ó wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn wa, kí ó lo kámẹ́rà, kí ó mọ ibi tí a wà. Ọ̀pọ̀ wa a kàn tẹ "Allow" láìkà á.

Ewu rẹ̀ hàn lára áàpù ayánilówó. Bí owó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá a, àwọn kan nínú wọn a máa fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ará ilé, ọ̀gá àti aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dún 2023, Google fòfin dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ká áàpù tí a gbà níbòmíràn.

Lórí fóònù Android, ẹ ṣí "Settings", ẹ tẹ "Apps", ẹ mú áàpù náà, kí ẹ tẹ "Permissions". Ẹ gba àyè tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu padà: kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá wa ṣe? Ẹ tètè ṣe é, nítorí èyí tó ti kó lọ kì í padà.

Nọ́ńbà inú fóònù wa kì í ṣe tiwa nìkan; àwọn tó ni ín ló fi sí wa níkàáwọ́.