Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Díìsì

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà ni a ti ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, tàbí lọ́wọ́ ará Ìwó kan tó ti òkè òkun dé, díìsì Windows kì í sábà bá a wá. Ẹ má tìtorí èyí sanwó fún ayédèrú.

Bí ẹ̀rọ náà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà iléeṣẹ́ kan kí ó tó ṣí, ẹ dá a padà; ẹrù olè lè ni. Àwòrán àti ìwé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Amánà ni. Ẹ má ṣí wọn wò, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo bóyá Home tàbí Pro ni Windows tó wà níbẹ̀.

Tí Windows 10 tàbí 11 bá ti gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà rí, Microsoft mọ̀ ọ́n. A ó gba irú kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Microsoft sórí fíláàṣì gígábáìtì 8. Kí bátìrì kún o, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá! Bí a bá ti tan ẹ̀rọ, a ó máa tẹ F12 lórí Dell àti Lenovo, F9 lórí HP, a ó sì yan fíláàṣì. Bí ó bá béèrè nọ́ńbà àṣẹ, ẹ sọ pé ẹ kò ní. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, yóò gba àṣẹ fúnra rẹ̀. Dátà tó ń jẹ pọ̀, nítorí náà kí ẹnì kan gbà á, kí fíláàṣì máa yí ká.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kò lè gbé Windows 11, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti fòpin sí àbójútó Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Fún irú wọn, Ubuntu ni a fẹ́ràn jù, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé a jí i. Orí fíláàṣì náà ni a ó gbé e sí, bọ́tìnnì kan náà la ó sì tẹ̀.