Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: BÀTÀ WO NI A Ó WỌ̀ LỌ SÍ OLÚMIRIN?

Ka ìtàn yìí dáadáa, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e.

Ní ìparí sáà kejì, àwọn ọmọ ìwé kẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Iléṣà ń múra láti lọ wo omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Orí àpáta ni omi náà ti ń dà wálẹ̀. Ìpele méje ni ó ní. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè láti ìpele kan sí èkejì ni ọ̀nà ń le sí i. Òkúta wà níbẹ̀, gbòǹgbò igi wà níbẹ̀, àwọn òkúta tí omi ń ṣàn lé lórí sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn ọmọ náà yóò pàgọ́ fún òru méjì ní ìtòsí ibẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibi àgọ́, wọn yóò la odò kékeré kan kọjá.

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, sọ fún wọn pé, “Lọ́la, kí olúkúlùkù yín mú bàtà tí ó fẹ́ wọ̀ sọdá odò wá sí kíláàsì. A ó yẹ̀ wọ́n wò.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàtà kún orí tábìlì olùkọ́. Kọ́lá mú bàtà awọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un wá. Ó ń dán, ó sì ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Àyìndé mú bàtà kańfáàsì. Bọ́lá mú sílípáàsì tí ó máa ń wọ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n Ṣadé fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga.

“Ṣadé, tìrẹ dà?” ni olùkọ́ béèrè.

Ṣadé dìde, ó wolẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Sáńdáàlì rọ́bà àtijọ́ ni. Ìyá mi ní kí n ṣe sùúrù títí ọjà ẹ̀kọ àwọn yóò fi tà dáadáa.”

Kọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wò ó títí ẹ̀rín náà fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ pé, “Gbé e wá, Ṣadé. A kò níí bi bàtà kankan léèrè iye tí wọ́n rà á. Iṣẹ́ tí ó lè ṣe ni a ó bi í.”

Ìdánwò kìíní: Ìwúwo. Wọ́n gbé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún olúkúlùkù ka orí òṣùwọ̀n. Bàtà Kọ́lá wọn 500 gíráàmù, ti Àyìndé wọn 300 gíráàmù, ti Ṣadé wọn 150 gíráàmù, ti Bọ́lá sì wọn 120 gíráàmù.

“Sà, 500 gíráàmù kò kúkú wúwo,” ni Kọ́lá wí.

Olùkọ́ mú ẹfun, ó sì kọ ìṣirò kan sí ara pátákó. Ó ní, “Ká ní o rìn ní kìlómítà kan, tí o sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ní ìgbà 800. Bàtà rẹ fi 350 gíráàmù wúwo ju ti Ṣadé lọ. Sọ 350 di ìlọ́po 800.”

Kọ́lá ṣe é, ó sì rí 280,000 gíráàmù, èyí tí í ṣe 280 kílò.

“Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ,” ni olùkọ́ wí, “díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ sì fi gbé e. Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọn agbára tí ènìyàn ń lò bí ó bá ń rìn. Wọ́n rí i pé ẹrù tí ó wà lẹ́sẹ̀ ń gba agbára ju irú ẹrù kan náà tí a gbé pọ̀n sẹ́yìn lọ. Ó tó ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà.”

Ìdánwò kejì: Omi. Wọ́n ri àwọn bàtà náà sínú omi, wọ́n sì ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n jáde, bàtà Kọ́lá gba omi dúró bí ife, nítorí kò ní ibi tí omi lè gbà jáde. Kańfáàsì Àyìndé mu omi, ó sì wúwo sí i. Sáńdáàlì Ṣadé ní ihò káàkiri, nítorí náà gbogbo omi inú rẹ̀ ṣàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà kì í mu omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàtà awọ àti kańfáàsì náà kò tíì gbẹ.

Olùkọ́ ní, “Bàtà tútù ń mú kí awọ ẹsẹ̀ rọ̀. Bí ó bá rọ̀, tí bàtà sì ń ha á, ìléròrò yóò yọ. Ọmọ tí ìléròrò bá yọ sí lẹ́sẹ̀ kò ní lè gòkè.”

Ìdánwò kẹta: Ìdúró lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ ní kí Bọ́lá wọ sílípáàsì rẹ̀, kí ó sì ju ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Sílípáàsì náà fò, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Bọ́lá náà sì rẹ́rìn-ín.

“Ó fúyẹ́ jù lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìdè ní gìgísẹ̀,” ni olùkọ́ wí. “Bí ó bá jẹ́ inú odò ni, omi ti gbé e lọ. Ẹni tí ó bá sì ń lé bàtà nínú odò lè bá bàtà lọ.”

Ṣadé wọ tirẹ̀, ó dè é, ó sì ju ẹsẹ̀. Kò mira.

Ìdánwò kẹrin: Àtẹ́lẹ̀ bàtà. Wọ́n yí àwọn bàtà náà padà. Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì Bọ́lá ti jẹ, ó ń dán bí àwo. Àtẹ́lẹ̀ sáńdáàlì Ṣadé ní ojú ilà jíjìn tí ó lè di òkúta mú. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta mímú kò fi ní gún ẹsẹ̀. Iwájú rẹ̀ sì bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Àyìndé nawọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní í sàn kí a kúkú bọ́ bàtà, kí a sì fi ẹsẹ̀ lásán kọjá? Bàbá àgbà sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn fi ń la odò lọ sí oko.”

“Òótọ́ ni bàbá sọ,” ni olùkọ́ dáhùn. “Àwọn mọ odò wọn, wọ́n sì mọ ibi tí òkúta wà nínú rẹ̀. Àwa jẹ́ àlejò ní ibi tí a ń lọ. Ìgò fífọ́ tàbí kùkùté igi lè wà lábẹ́ omi. Àrùn ipá lè gba ojú egbò wọ ara. Irú aràn kan sì wà nínú ilẹ̀ tútù tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: bàtà tí ó ní ihò kò lè dá àrùn àtọ̀sí ajá dúró, nítorí inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, awọ ara ni ó sì ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró ṣeré nínú omi tí kò ṣàn. Ẹ tètè kọjá, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu ẹsẹ̀ yín.”

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí i pé bàtà méjì ni ó dára jù. Kańfáàsì ni fún ojú ọ̀nà, kí ó má sì kan omi. Sáńdáàlì rọ́bà ni fún odò. Òun kan náà ni wọn yóò máa wọ̀ ní àgọ́ ní alẹ́, kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Nítorí pé ó fúyẹ́, wọn yóò so ó mọ́ ara àpò. Ní àkókò ìsinmi, Kọ́lá lọ bá Ṣadé. Ó ní, “Ṣadé, jọ̀wọ́, má bínú. Níbo ni màmá rẹ ti ra sáńdáàlì yìí?”

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣíwájú ìrìn náà, òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi náà ti pọ́n, ó sì ń sáré. Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Omi náà dé orúnkún rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlú,” ni ó wí.

“Sà, a kúkú ní bàtà odò!” ni Kọ́lá wí.

“Bàtà kì í ṣẹ́gun omi. Bí omi bá dé orúnkún àgbàlagbà, tí ó sì ń sáré, ó lè gbé e ṣubú, áḿbọ̀sì ọmọdé.”

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú ni wọ́n sùn. Ní ọjọ́ kejì, omi ti fà, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó sì ti mọ́. Wọ́n wá ibi tí odò náà ti fẹ̀, tí kò sì jìn. Wọ́n pààrọ̀ bàtà. Olùkọ́ di ọwọ́ wọn mú, ó sì fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Gbogbo wọn gúnlẹ̀ láìsí ìfarapa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, olùkọ́ ní kí wọ́n gbọn bàtà wọn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Àkeekèé kékeré kan já bọ́ láti inú kańfáàsì Àyìndé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó ní láti rán Àyìndé létí.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

fúyẹ́: kò wúwo
gìgísẹ̀: ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀
ìléròrò: awọ tí ó wú, tí omi wà nínú rẹ̀
òṣùwọ̀n: ohun tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó
pàgọ́: kí a ta àgọ́, kí a sì sùn síbẹ̀
áḿbọ̀sì: ká má tilẹ̀ sọ ti

ÌBÉÈRÈ

1. Ìpele mélòó ni omi Olúmirin ní?
2. Kí ni ìdí tí Ṣadé fi fi bàtà rẹ̀ pamọ́?
3. Sílípáàsì Bọ́lá ni ó fúyẹ́ jù lọ. Kí ni ìdí tí kò fi dára fún odò?
4. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí a ń wò lára bàtà odò.
5. Àrùn wo ni bàtà tí ó ní ihò kò lè dá dúró? Kí ni a lè ṣe?
6. Kí ni ìdí tí olùkọ́ fi ní kí wọ́n padà sí ìlú? Ǹjẹ́ ó tọ̀nà? Sọ èrò rẹ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

A. Kọ òdì-kejì àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: fúyẹ́, tútù, àtijọ́, gòkè.

B. Fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo:
(i) Rọ́bà kì í mu ______.
(ii) Bàtà odò gbọ́dọ̀ ní ìdè ní ______.
(iii) Kí o tó wọ bàtà ní àgọ́, kọ́kọ́ ______ ọ́.

D. Bàtà kan fi 200 gíráàmù wúwo ju èkejì lọ. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan ní ìgbà 800, kílò mélòó ni ẹsẹ̀ náà gbé ní àgbélékún?

E. Mú bàtà méjì nílé yín. Da ife omi kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo ni omi kọ́kọ́ tán nínú rẹ̀? Kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ohun tí o rí.