Òwúrọ̀ Ni Wọ́n Ń Tún Fìtílà Ṣe

 

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 30:7-8

Ẹ wo ohun tí Árónì ń ṣe níbi tí a kà yìí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń tan fìtílà inú àgọ́, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ló ti máa ń tún wọn ṣe. Òwú tó jó mọ́jú ti di èédú, wọ́n ní láti gé e kúrò. Ọlọ́run tilẹ̀ ní kí wọ́n fi wúrà ṣe àlùmágàjí rẹ̀ (Ẹ́kísódù 25:38). Wúrà o, fún ohun tí wọ́n fi ń gé èédú!

Ẹ jẹ́ ká jáde síta wàyí. Iná sólà tó wà lórí ọ̀pọ̀ géètì wa, oòrùn ọ̀sán ló ń jẹ kó tó lè ṣiṣẹ́ lóru. Bí eruku ọyẹ́ bá ti bo ojú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tàbí tí ẹ̀ka máńgòrò ti ṣíji bò ó, oòrùn á máa ràn, iná ò ní rí i jẹ. Á tàn ní aago 7 alẹ́, kó tó di aago 10, ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá sì dúró di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó nù ún, oòrùn ti lọ nìyẹn. Àwọn kan á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún ná. Bí bátìrì ló gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Èyí tó ń lo iná ìjọba ńkọ́? Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó bóyá omi òjò ti wọnú ẹ̀, kẹ́ ẹ kó òkú ẹsúnsún àti ilé aláǹtakùn kúrò. Tí wáyà bá ti bó, ẹ pe oníná. Ẹ má fi ìgbàgbọ́ dì í mú o.

Ẹnìkan á ní, “Ṣebí Ọlọ́run ni olùṣọ́ wa?” Àmín ni. Nehemáyà náà gbàdúrà, ó sì tún yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru (Nehemáyà 4:9). Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Arábìnrin tó ń ti ìṣọ́ òru bọ̀, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lálẹ́, iná géètì yín ni wọ́n fi ń rí gọ́tà.

Kẹ́ ẹ tó jáde lónìí, ẹ gbójú sókè wo iná yín. Tó bá dọ̀tí, ẹ gbé àkàbà. Kí ẹnì kan bá yín di àkàbà náà mú o.

Àdúrà: Olúwa, ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lóru òní, jẹ́ kó rí ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀, kó sì délé láyọ̀. Àmín.