ÈSO TÍ WỌN KÒ MỌ̀: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌKÒKÒ GILGALI

Kíkà: II Àwọn Ọba 4:38–41

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ mọ́ ilé ìdáná, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe rò pé àwọn ìyá nìkan ni ó kàn.

Ìyàn mú ní Gilgali. Èlíṣà pàṣẹ kí a gbé ìkòkò ńlá ka iná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn jáde lọ sí oko láti wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó padà dé, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun ni wọ́n kígbe pé ikú wà nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé a kò bá ọkùnrin yìí wí nítorí pé ó wá oúnjẹ tuntun. Ebi ń pa ilé. Ó ṣe ohun tí ó yẹ. Èlíṣà kò sì da ọbẹ̀ náà nù: ìyẹ̀fun ni ó bèèrè, ó dà á sí i, wọ́n sì jẹun. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a ká ohun tí a kò mọ̀, a kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ tún rí i pé ọkùnrin ni ó rẹ́ nǹkan sínú ìkòkò. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo 4, tí ẹ ó sì jókòó de ìyàwó tí yóò dé ní agogo 6 kí ó tó gbé omi kaná, ẹ gbọ́ o.

Iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ wa, tàbí àwọn bàbá wa, wá sí agbègbè yìí, pàápàá láti ọdún 1965 tí ilé ìfọpo Alesa-Eleme ti bẹ̀rẹ̀, tí èbúté rẹ̀ sì wà ní Okrika níhìn-ín. Síbẹ̀, bí èlùbọ́ bá tán nílé, ìjà dé. Ọkọ a ní òun kò lè jẹ oúnjẹ ará ibí, ìyàwó tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ a ní kí ó lọ sè é fúnra rẹ̀. A ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé.

Àwa tí a ń kọ èyí pẹ̀lú ti ká èso igbó rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, a ra ìṣáwùrú, èyí tí wọ́n ń pè ní isam níhìn-ín, a sì dà á tìkarahun-tìkarahun sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. A fà á títí, kò jáde. Iyanrìn nìkan ni ó bá wa dé ẹnu. Ìyá onílé wa, ọmọ Okrika, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú àdá, ó fi hàn wá bí a ti í gé ìdí rẹ̀ kí ó tó ṣeé fà, àti pé omi bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a fi ń fọ̀ ọ́. Àwọn tí ń tà á lọ́jà a máa gé e fún ẹni tí ó bá bẹ̀ wọ́n. Ìbéèrè náà kì bá ti gbà wá ju ìṣẹ́jú 5 lọ.

Ìyá kan náà ni ó kọ́ wa ní onunu. Ẹ se iṣu pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n, ẹ gún wọn pọ̀ nínú odó, kí ẹ sì máa da epo pupa sí i títí yóò fi pọ́n kárí. Ọbẹ̀ ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó mọ iyán gún, tí ó sì mọ àṣáró sè, kò ní pe èyí ní àjèjì. Àwọn ọmọ wa ti ń bèèrè ti ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹ ti àkọ́kọ́ tán.

Ṣùgbọ́n kí ìkánjú òṣìṣẹ́ má ṣe dé ibi ẹ̀gẹ́. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ 3 tàbí 4 kí ó kan dáadáa ni ó ń lé oró náà jáde. Ní ọdún 1981, nígbà ọ̀dá ní Nampula ní ilẹ̀ Mozambique, ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró tó bí ó ti yẹ. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ gan, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fùfú fúnra yín, ẹ̀gẹ́ tí ẹ rẹ ní ọjọ́ Ajé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé ọjọ́ náà ni ẹ ráyè. Ẹ jẹ ẹ̀bà.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 2008, epo rọ̀bì ya láti inú páìpù sínú omi Bodo, tí kò jìnnà sí wa, ó sì ba ibi tí ẹja, akàn àti ìṣáwùrú ń gbé jẹ́. Ìyẹ̀fun kò lè wo irú ìyẹn. Ẹ bi obìnrin tí ń tajà léèrè omi tí ó ti kó o. Kò ní bínú. Òun náà ń jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ń rùn bí epo, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá onílé wa ti gbà láti wá gún onunu fún wa ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn bàbá ni yóò bó iṣu. Odó ṣọ́ọ̀ṣì ti sán. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára, kí ó jọ̀wọ́ fi tó akọ̀wé létí.