Ìfúnpá Ọ́ìlì Nínú Ẹ́ńjìnnì Tí A Tún Tò: Ìperí àti Àyẹ̀wò Àléébù

1. Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro tí ó ń dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ìpàdé mẹkáníìkì àti oníbàárà lè má tó láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Bí ìperí bá ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà níbẹ̀, owó ńlá ni yóò bá a lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì kò dé gbogbo ibi tí ó yẹ nínú rẹ̀ lè ba kíráńkì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ náà ní Èkó, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó sì mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, òun ni àwọn olólùfẹ́ eré ìje ọkọ̀ ní Kalifóníà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń tú palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún tò kí ó lè lágbára sí i. Wọn a yọ sìlíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 85.5, wọn a fi èyí tí ó fẹ̀ tó 90.5 rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ sí-sí 1,584 yóò sì di sí-sí 1,776. Lẹ́yìn irú àtúntò bẹ́ẹ̀ ni iná pupa ọ́ìlì sábà máa ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí ó sì wà ní sílò.

2. Kí ni ìfúnpá?

Gbólóhùn bíi "ọ́ìlì kò gòkè" tàbí "ọ́ìlì kò lágbára" ń nàka sí pọ́ǹpù, bí ẹni pé òun nìkan ni ó ń pèsè ohun tí gééjì ń kà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Eyín jíà méjì inú pọ́ǹpù ń kó ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìṣàn nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ìfúnpá máa ń wáyé nígbà tí ọ̀nà tí ọ́ìlì yóò gbà jáde bá há. Ẹni tí ó ń fi rọ́bà bomi rin ọgbà mọ èyí: bí ó bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà díẹ̀, omi yóò ta jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fi kún omi ẹ̀rọ. Nínú ẹ́ńjìnnì, àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàárín kíráńkì àti bẹ́árìǹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ àtàǹpàkò náà.

Nítorí náà "ìfúnpá" bá òtítọ́ mu ju "agbára" lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe "fún" ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, fífún sì gba ohun méjì: ohun tí ń ti nǹkan, àti ohun tí kò jẹ́ kí nǹkan náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnì kan lè ṣàtakò pé ìfúnpá ni orúkọ oògùn tí àwọn àgbà ń so mọ́ apá. Àtakò yìí kò lágbára, nítorí pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwọn tí ń kọ̀wé nípa ìlera sì ti ń lò ó fún ti ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" kò ṣe é fi ṣe àwòkọ́ṣe, torí pé orúkọ àìsàn ni; kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kan ti lọọlẹ̀ jù. Ìperí fún ìwọ̀n gbọ́dọ̀ gba gíga kí ó sì gba lílọọlẹ̀.

Ó yẹ kí "ìfúnpọ̀" dúró fún iṣẹ́ tí písítìnì ń ṣe nígbà tí ó bá ń ká afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ inú sìlíńdà. Ẹ́ńjìnnì lè ní ìfúnpọ̀ tí ó dára, kí ìfúnpá ọ́ìlì rẹ̀ sì burú. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá dúró fún méjèèjì, olùkọ́ kò ní lè sọ èyí.

3. Àwọn ìperí tí ó rọ̀ mọ́ ọn

(a) Ìṣàn: bí ọ́ìlì tí ń kọjá ti pọ̀ tó láàárín àkókò kan.

(b) Ìki: bí ọ́ìlì ti ki tó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀ ti ń ki. Ìki máa ń dínkù bí ọ́ìlì bá ti ń gbóná.

(d) Àlàfo: àyè tí ó wà láàárín kíráńkì àti bẹ́árìǹ. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, mìlímítà 0.04 sí 0.10 ni ó yẹ kí àlàfo bẹ́árìǹ kìíní jẹ́. Èyí kò jìnnà sí nínípọn irun orí kan.

(e) Fáàfù adínfúnpákù: písítìnì kékeré àti sípíríǹgì tí ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì láti padà sísàlẹ̀ bí ìfúnpá bá ga jù. "Fáàfù ìtura" tí ẹlòmíràn lè dá lábàá yóò ṣini lọ́nà, nítorí pé ara ni ó ń tù, ẹ̀rọ kò mọ ìtura.

4. Ìlànà àyẹ̀wò

Bí àwọn ìperí yìí bá ti yé akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni yóò máa bi ara rẹ̀: ṣé ìṣàn ni ó kéré, ṣé ìki ni ó dínkù, tàbí ibì kan ni ó là sílẹ̀ jù? Láti orí èyí tí ó rọrùn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

(a) Kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àléébù wà lóòótọ́. Súwíìṣì iná pupa kì í tan iná àyàfi bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ sí nǹkan bíi báà 0.15 sí 0.45, súwíìṣì fúnra rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Kí ó yọ ọ́, kí ó fi gééjì tòótọ́ síbẹ̀. Bí ọ́ìlì SAE 30 bá gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 70, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá kò gbọdọ̀ dín sí báà 2.

(b) Kí ó wo ọ́ìlì. Lítà 2.5 péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ó ṣeé ṣe kí awọ inú pọ́ǹpù epo ti ya, kí epo sì máa jò sínú ọ́ìlì. Ìki ni ó dínkù níbẹ̀.

(d) Kí ó tú fáàfù adínfúnpákù. Méjì ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti 1970. Ẹni tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì tò sábà máa ń lu ihò sí ara rẹ̀ kí ó lè fi fílítà kún un. Bí èérún irin bá ṣẹ́kù, ó lè há písítìnì fáàfù mọ́ ipò ṣíṣí. Bí ó bá há mọ́ ipò pípadé, ìfúnpá ọ́ìlì tútù yóò ga débi pé ẹ̀rọ tí ń mú ọ́ìlì tutù lè bẹ́.

(e) Kí ó wo pọ́ǹpù àti ọ̀nà tí ó ń gbà fa ọ́ìlì. Àyè tí ó wà láàárín jíà àti ìdérí pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 0.1 lọ. Bí páìpù ìfà bá ń mì, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà. Bí ìfúnpá bá ń já wálẹ̀ kìkì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré gba kọ́nà, ọ́ìlì ni ó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó ń fi ẹnu páìpù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn eléré ìje fi máa ń fi àpò ọ́ìlì kún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

(ẹ) Bí gbogbo èyí bá dára, àlàfo ni ó kù, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ilé ẹ́ńjìnnì yìí rọ̀ ju irin lọ. Bí kíráńkì bá ti ń lù ú fún ọdún púpọ̀, ihò tí bẹ́árìǹ ń jókòó sí yóò fẹ̀. Bẹ́árìǹ tuntun nínú ihò tí ó ti fẹ̀ kò lè fìdí múlẹ̀.

5. Ewu pọ́ǹpù ńlá

Níbí ni ìperí ti ń gba owó lọ́wọ́ òfò. Ẹni tí ó bá gbà pé "agbára" ni ọ́ìlì kò ní yóò lọ ra pọ́ǹpù tí jíà rẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ. Gééjì yóò gòkè, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bẹ́árìǹ bá di ìlọ́po méjì, ọ́ìlì tí yóò máa gba ibẹ̀ jò lábẹ́ ìfúnpá kan náà yóò di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Pọ́ǹpù ńlá ti fi ìṣàn bo àléébù mọ́lẹ̀. Kíráńkì ṣì ń lu bẹ́árìǹ lábẹ́lẹ̀.

Ìfúnpá gíga pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí ìlera nígbà gbogbo. Ibì kan ṣoṣo ni gééjì ń wọ̀n. Bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà ọ́ìlì níwájú ibi tí gééjì wà, àbọ̀ rẹ̀ yóò ga, bẹ́árìǹ tí ó wà lẹ́yìn ìdínà yóò sì gbẹ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ó yẹ kí a ya ìfúnpá, ìfúnpọ̀ àti ìṣàn sọ́tọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí olùkọ́ lé "kíráńkì", "bẹ́árìǹ" tàbí "pọ́ǹpù" jáde; ọ̀rọ̀ àyálò tí ṣọ́ọ̀bù ti sọ di tirẹ̀ ni wọ́n, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí ó ń dárúkọ ohun tí ojú kò rí ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè lo àkókò lé lórí, nítorí pé orúkọ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ó tó mú sípánà.